Ixora Tí Ewé Rẹ̀ Ń Pọ́n Lẹ́bàá Ògiri: Ìdáhùn sí Ìyá Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ̀wé sí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ní ó ti pé ọdún méjì tí àwọn kó sínú ilé tuntun, àti pé àwọn gbin igi òdòdó ixora mẹ́rìnlélógún sínú ọgbà nítorí pé ẹni tó tà á fún àwọn sọ pé kì í wọ́wé, kò sì ní wàhálà. Mẹ́ta tó wà lẹ́nu géètì, níbi tó jìnnà sí ògiri, ń yọ òdòdó pupa bí ẹyin iná. Ṣùgbọ́n mọ́kànlélógún tó kù, tó wà ní ẹsẹ̀ ògiri, kò ga ju orúnkún lọ, ewé wọn ń pọ́n láti ṣóńṣó ẹ̀ka wá, wọn kò sì tíì yọ òdòdó kan tó dùn ún wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá wọn tún àyíká ṣe máa ń gé wọn ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì kí wọ́n lè gún régé, ìyá fúnra wọn sì máa ń da eérú ààrò sí ìdí wọn nítorí èèrà. Aládùúgbò kan ti wá gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n hú gbogbo rẹ̀, kí wọ́n fi olómi-òjò, igi kan tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, rọ́pò. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá kí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé agbára àtimáa bomi rin òdòdó lójoojúmọ́ kò sí fún àwọn mọ́, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn sì máa ń wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn, àwọn sì fẹ́ kí inú ọgbà dùn ún wò lójú wọn.

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ìyá wa, ẹ sì kú sùúrù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ẹ ti fi ọwọ́ ara yín kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn náà nígbà tí ẹ sọ pé mẹ́ta tó jìnnà sí ògiri ń ṣe dáadáa. Ọjọ́ kan náà ni ẹ rà wọ́n, ọwọ́ ẹnìkan náà ni ẹ ti rà wọ́n, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn. Ohun tó yàtọ̀ ni ilẹ̀ tí gbòǹgbò wọn wà. Ẹni tó tà á fún yín kò purọ́ pé igi náà kì í dani láàmú, ṣùgbọ́n igi tí kì í dani láàmú náà ní ilẹ̀ tí kò bá a lára mu, bí a bá sì gbìn ín síbẹ̀, ìtọ́jú yòówù kí á fún un, kò ní rójú.

Ìhà gúúsù ilẹ̀ Íńdíà àti Sri Lanka ni ixora ti wá. Mọ̀lẹ́bí kọfí ni, mọ̀lẹ́bí òrúwo inú igbó wa náà sì ni. Bí ẹ bá wo bí ewé òrúwo ṣe ń dojú kọ ara wọn ní méjìméjì lórí ẹ̀ka, ẹ ó rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ixora rí. Irú ilẹ̀ tó fẹ́ràn ni ilẹ̀ tí ewé ti ń já lé lórí tó ń jẹrà lọ́dọọdún, tí òjò ńlá sì ti fọ ẹfun inú rẹ̀ lọ, tó fi kan díẹ̀. Nígbà tí mo bá sọ pé ilẹ̀ kan, n kò sọ pé ó ti bàjẹ́. Ilẹ̀ a máa kan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan. A sì máa wà ní òdì kejì, bí omi eérú. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń fi nọ́ńbà wọ̀n ọ́n láti 0 dé 14, 7 ni agbedeméjì, ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 kan, ohun tó bá kọjá rẹ̀ ti bọ́ sí ọ̀nà eérú. Láàárín 5 àti 6 ni ara ti ń tu ixora jù lọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí òjò rẹ̀ tó pọ̀, sábà máa ń kan fúnra rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ti ẹnu géètì fi ń ṣe dáadáa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun fún un.

Ní òwúrọ̀ ọ̀la, ẹ lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, kí ẹ já ewé tuntun kan ní ṣóńṣó ẹ̀ka, kí ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Bí ara ewé náà bá ti pọ́n, ṣùgbọ́n tí àwọn iṣan tó ya káàkiri inú rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, tó fi dà bí ẹni pé wọ́n ta àwọ̀n sórí rẹ̀, ebi irin ló ń pa á. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ mú ewé tuntun ni pé irin kì í ṣí kúrò níbi tó bá ti kọ́kọ́ bọ́ sí nínú igi. Igi kò lè gbà á lọ́wọ́ ewé àgbà fún ewé ọmọdé, nítorí náà ọmọdé ni ebi rẹ̀ ń kọ́kọ́ hàn lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló ń pọ́n tí ti òkè sì wà bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ lásán nìyẹn, kò sì ṣòro. Ṣùgbọ́n láti ṣóńṣó wá ni ẹ sọ pé tiyín ti ń pọ́n.

Ẹ lè wá bi mí pé báwo ni ebi irin yóò ṣe pa igi ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí yẹ̀pẹ̀ ti pupa tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni, nítorí pé àwọ̀ pupa yẹn gan-an, irin tó ti dípẹtà ló fà á. Irin kún inú ilẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò kì í rí irin mu àyàfi bí irin náà bá yọ́ sínú omi ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í yọ́ dáadáa bí ilẹ̀ kò bá kan. Ixora yín jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n sì ti dé ìkòkò náà pa mọ́ ọn lójú.

Símẹ́ǹtì ló dé e pa. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Ewékorò àti Ìbèṣè, ni wọ́n ń sun nínú iná tí wọ́n sì ń lọ̀ kúnná tó fi di símẹ́ǹtì, ẹfun sì ni ọ̀tá kíkan. Nígbà tí àwọn bíríkìlà ń mọ ògiri yín, ẹsẹ̀ ògiri náà ni wọ́n ti po símẹ́ǹtì, ibẹ̀ ni wọ́n da èyí tó ṣẹ́kù sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣan irinṣẹ́ wọn, èyí tó já bọ́ nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ògiri sì wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀ títí dòní, òun pẹ̀lú àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò. Gbogbo òjò tó bá sì gbá ògiri tuntun lára ń fọ díẹ̀ sí i wálẹ̀. Mo mọ̀ nítorí pé mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo gbin ọgbọ̀n ixora sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé tuntun kan ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, mo rò pé oúnjẹ ni kò tó, mo da ajílẹ̀ sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ń pọ́n sí i ni. Mọ́kàndínlógún ti kú kí n tó gbé ọkọ́ wa ilẹ̀ ibẹ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré sísàlẹ̀ ni ọkọ́ ti dún kò-ó lórí símẹ́ǹtì tó ti dì pẹlẹbẹ bí àwo. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní pé n kò kọ́kọ́ wa ilẹ̀ náà wò kí n tó ná owó olówó.

Kí ẹ má baà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, ẹ dán an wò. Ẹ bu ẹ̀kún ọwọ́ yẹ̀pẹ̀ kan ní ẹsẹ̀ ògiri, ẹ bu òmíràn lẹ́nu géètì, ẹ sá wọn gbẹ nínú abọ́ méjì, kí ẹ wá da finígà díẹ̀ lé wọn lórí. Ẹ dẹ etí sí i, kí ẹ sì wò ó dáadáa. Yẹ̀pẹ̀ tó bá ní ẹfun nínú yóò dún ṣìì, ìfófó wẹ́wẹ́ yóò sì ru jáde lójú rẹ̀, nígbà tí finígà yóò kàn rin wọ inú èkejì wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ti ẹsẹ̀ ògiri kò bá hó rárá, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé ilẹ̀ náà kan, ṣùgbọ́n bí ó bá hó, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Eérú tí ẹ ń dà sí i tún wá ń dá kún ọ̀ràn náà. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí wa ṣe ń ṣe lóko, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn ìyá tó ń ṣe ọṣẹ dúdú: eérú èèpo kòkó ni wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, omi náà sì le débi pé ó ń bó ọwọ́. Ohun tó lè bá epo pọ̀ tó fi di ọṣẹ kì í ṣe ohun tí à ń dà sí ìdí igi tó fẹ́ràn kíkan. Láti òní lọ, ẹ máa kó eérú yín lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, èmi yóò ṣí àwọn mọ́kànlélógún náà nípò. Igi ọlọ́dún méjì ṣì kéré, yóò gbà. Ẹ dúró di ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje, kí ó jẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú tàbí ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn má baà pa gbòǹgbò. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ́kọ́ gé ìdá mẹ́ta kan kúrò lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, nítorí pé gbòǹgbò tó máa já nígbà tí a bá ń wú u kò ní lè bọ́ gbogbo ewé tó wà lórí. Kí ó fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ilẹ̀ yí igi ká, ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí rẹ̀, kí ó gbé e sókè pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ tó dì mọ́ gbòǹgbò, kí ó sì fi ọwọ́ yọ gbogbo àfọ́kù símẹ́ǹtì tó bá rí lára rẹ̀ láìgbọn yẹ̀pẹ̀ náà dànù. Ẹ gbìn ín sí ibi tó jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹsẹ̀ bàtà méjì sì wà láàárín igi kan àti èkejì. Lójú ẹni tí kò mọ̀, àyè tó wà láàárín yóò dà bí ẹni pé ó ṣófo jù, ṣùgbọ́n ixora tí ilẹ̀ bá bá lára mu yóò fi ọwọ́ kan ẹnìkejì rẹ̀ kí ọdún méjì tó pé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ẹ dá sílẹ̀ yóò sì wúlò fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kun ògiri.

Kí ihò náà fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ìṣùpọ̀ gbòǹgbò, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ, nítorí pé igi tí a rì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ máa ń jẹrà ní ọrùn. Ẹ po yẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ pẹ̀lú ewé tó ti jẹrà àti ìgbẹ́ màlúù tó ti pẹ́ tí kò rùn mọ́. Mo ní láti kìlọ̀ nípa ìgbẹ́ adìyẹ, nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn ń sáré lọ rà. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ń yé ẹyin kún fún ẹfun, torí pé wọ́n ń fi ẹfun tàbí karawun sínú oúnjẹ wọn kí èèpo ẹyin lè nípọn, ẹfun náà ni yóò sì bá a dé ìdí ixora yín. Ó dára fún ẹ̀fọ́, ó dára fún àgbàdo, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún èyí.

Bí ọgbà yín kò bá gbà kí ẹ ṣí wọn, iṣẹ́ náà yóò pọ̀ díẹ̀. Ẹ ó ní láti hú wọn fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri náà ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà méjì àti jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, láìwa ilẹ̀ dé ìpìlẹ̀ ògiri, kí ẹ kó yẹ̀pẹ̀ náà àti àfọ́kù inú rẹ̀ dànù, kí ẹ sì fi yẹ̀pẹ̀ mìíràn tó dára rọ́pò. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò po imí-ọjọ́ tí wọ́n lọ̀ kúnná mọ́ ilẹ̀ òkè, kò ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ fún ibi tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń sọ imí-ọjọ́ di kíkan, wọ́n sì nílò ọ̀rinrin àti oṣù bíi mélòó kan kí wọ́n tó parí iṣẹ́ wọn, nítorí náà ẹ má ṣe tún un dà ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí pé ẹ kò rí ìyàtọ̀. Àwọn tó ń ta oògùn oko tún ní irin tí a lè pò mọ́ omi fọ́n sórí ewé. Ó máa ń mú kí ewé tutù padà kíákíá, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kò bá yí padà, ewé tó bá hù lẹ́yìn rẹ̀ yóò tún pọ́n. Bí ẹ bá lò ó, ẹ má jẹ́ kó ta sára ògiri, àbàwọ́n ìpẹtà rẹ̀ kì í ṣeé fọ̀.

Ní ti omi, ọkàn yín lè balẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ bá ṣí wọn títí òjò yóò fi dá, òjò ni yóò ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ nìkan ni ìṣòro wà, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, pàápàá nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí etí ewé ń gbẹ. Nígbà náà, garawa omi kan fún igi kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí a rọra dà sí ìdí rẹ̀ kí ó lè wọlẹ̀ ṣinṣin, dára ju abọ́ kékeré kan lójoojúmọ́ lọ, torí pé omi kékeré kì í kọjá òkè ilẹ̀, òkè ilẹ̀ náà ni gbòǹgbò yóò sì dúró sí, níbi tí oòrùn ti máa pa á. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ lè dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó sì máa gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ jù ni ewé gbígbẹ. Àwọn ewé tí ẹ ń gbá lójoojúmọ́ tí ẹ ń sun, ìdí ixora ni kí ẹ máa kó wọn dà sí, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin, kó má sì kan ara igi gan-an. Wọn yóò bo ilẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn, koríko kò ní hù, bí wọ́n bá sì ti ń jẹrà ni ilẹ̀ náà yóò máa padà sí irú ilẹ̀ tí igi yìí fẹ́ràn. Kí oòrùn máa kàn án fún ìlàjì ọjọ́, ó kéré tán. Ní abẹ́ ìbòòji, ewé yóò dúdú dáadáa ṣùgbọ́n òdòdó kò ní tó nǹkan.

Mo ti wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ẹ má bínú sí i, nítorí pé ìṣọwọ́gé tó ń lò ni gbogbo ìlú ń lò. Ẹ sún mọ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta ẹnu géètì, kí ẹ wo ibi tí òdòdó ti ń jáde. Ṣóńṣó ẹ̀ka ni, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, kì í sì í ṣe ara igi àtijọ́. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ìdì ṣóńṣó tínínní bí abẹ́rẹ́ tí wọ́n dì pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gùn di ọ̀pá ihò tẹ́ẹ́rẹ́, ewé òdòdó mẹ́rin yóò sì ṣí lórí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ihò náà ni omi dídùn wà, èyí tí labalábá ń na ahọ́n gígùn wọlé mu, tí àwa ọmọdé náà máa ń fà mu nígbà tí a bá ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀ka bá rú títí di ìgbà tí òdòdó yóò fi ṣí lórí rẹ̀ lè tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹni tó bá wá ń gé ṣóńṣó ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì dà bí àgbẹ̀ tó ń ṣá àgbàdo rẹ̀ lulẹ̀ nígbàkígbà tó bá fẹ́ yọ irùkẹ̀rẹ̀. Igi náà ń sapá, kò kàn rí àyè parí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ti tó. Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, nígbà tí ẹ lè gé e wálẹ̀ dáadáa, tó ìdá mẹ́ta, kí ó lè ya ẹ̀ka púpọ̀. Ìkejì ni ìgbà tí òdòdó ńlá àárín ọdún bá ti rẹ̀ dànù, níwọ̀nba, kí ó lè tún tanná ní ìparí òjò. Ní ọdún tí ẹ bá ṣí wọn, gígé ọjọ́ náà dúró fún ti ọdún yẹn. Ẹ ra àlùmọ́gàjí ọlọ́wọ́ kan fún un, kí ó máa mú ẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó gé e sókè ibi tí ewé méjì ti yọ, kí ó sì máa já ìdì òdòdó tó bá ti gbẹ. Òótọ́ ni pé ọgbà kò ní gún bí ìlà rúlà mọ́. Èmi fúnra mi rò pé ó lẹ́wà jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fẹ́ ọgbà tó tẹ́ bí tábìlì, kó gbin èyí tí àwọn olódòdó ń pè ní yellow bush, torí pé ewé rẹ̀ ni a ń wò, kì í ṣe òdòdó.

Èèrà tó dẹ́rù bà yín kì í jẹ ixora. Ẹ ṣí ewé sódì, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti oríta ẹ̀ka. Ẹ ó rí kòkòrò wẹ́wẹ́ funfun bí òwú, tàbí èyí tó lẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn wọ̀nyí ló ń fa omi ara igi mu, ìgbẹ́ wọn dùn bí oyin, adùn yẹn ni èèrà ń bá kiri, tí wọ́n sì ń ṣọ́ kòkòrò náà bí ẹni ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn. Dúdú bí èéfín ìdí ìkòkò tó máa ń bo ewé, orí adùn náà ló ń hù sí. Ẹ fi ọ̀pá omi fọ abẹ́ ewé dáadáa, lẹ́yìn náà ẹ po ṣíbí kékeré kan ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ mọ́ lítà omi kan, kí ẹ fọ́n ọn sí abẹ́ ewé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀ka kan. Bí ewé rẹ̀ kò bá jó kí ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹ fọ́n ọn sí gbogbo rẹ̀, kí ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì sí i ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Bí kòkòrò bá tán, èèrà á gba ilé wọn lọ.

Ajílẹ̀ oníkẹ́míkà kò pọn dandan ní ọdún tí ẹ bá ṣí wọn. Láti ọdún kejì, ṣíbí ìjẹun kan NPK 15-15-15 fún igi kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti òmíràn ní oṣù kẹsàn-án, tí a wọ́n yíká, tí kò kan ìdí igi, ti tó. Bí ẹ bá rí àmì pupa rúsúrúsú lára ewé àgbà ìsàlẹ̀, ẹ má sáré ra oògùn àrùn. Lára ixora, ebi oúnjẹ ilẹ̀ ló sábà máa ń fa ìyẹn náà.

Ó kù ọ̀rọ̀ olómi-òjò, ibí yìí ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ fetí sí mi jù. Òótọ́ ni aládùúgbò yín sọ pé kì í wọ́wé, pé òdòdó rẹ̀ tó ní àwọ̀ ìyeyè máa ń pọ̀, pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í pa á, tí ẹran kì í sì í jẹ ẹ́. Kí ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ẹran kì í fi jẹ ẹ́. Gbogbo ara igi náà ló ní májèlé tó ń da ọkàn rú, kóró inú èso rẹ̀ ló sì le jù, èso náà sì máa ń já sílẹ̀, tó rọ̀ṣọ̀mù lọ́wọ́ bí ohun ìṣeré. Oleander olódòdó aláwọ̀ osùn tí wọ́n ń gbìn sí àárín títì, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, bákan náà ni oró rẹ̀ rí. Ẹ sọ pé àwọn ọmọ-ọmọ yín máa ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbìn ín sílé, kò sọ pé kó máa sá, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi ọwọ́ mi gbìn ín sí ọgbà tí ọmọ kékeré ti ń ṣeré. Ixora kò ní irú oró bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀kan tàbí méjì bá kú nígbà tí ẹ bá ń ṣí wọn, ẹ má ra òmíràn. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò gbó jù, tí kò sì rọ̀ jù, lára ti ẹnu géètì, kí ó gùn tó ìka ọwọ́ méjì ní sísopọ̀, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gé ewé méjì òkè sí ìlàjì, ẹ tì í bọ inú iyanrìn tútù nínú ọ̀rá, kí ẹ fi ike omi tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ bò ó ní abẹ́ ìbòòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, bí ẹ bá fà á díẹ̀ tí kò bá tẹ̀lé ọwọ́, ó ti ta gbòǹgbò.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí wọn, díẹ̀ nínú ewé wọn yóò já, ẹ má fòyà. Ewé àtijọ́ tó ti pọ́n gan-an lè má tutù padà mọ́, nítorí náà ẹ má fi í ṣe ìwọ̀n. Ewé méjì àkọ́kọ́ tó bá hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà ni kí ẹ gbé sókè sí ìmọ́lẹ̀, bí ẹ ti ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá rí àwọ̀n náà nínú rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ kọ́ títí di òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ṣì rí i, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ibi tuntun náà, ẹ da finígà lé e, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi padà láti sọ bí ó ṣe dún.